Agbára tó wà nínú Bẹ́ńsì, ṣọ́ọ̀bù kéékèèké ló ti wá

Níbi tí àwọn oníṣòwò bá jókòó sí, tí ọ̀rọ̀ mọ́tò bá wọlé, kì í pẹ́ tí wọ́n fi máa ń kan Bẹ́ńsì. Ẹnì kan á ní èyí tí òun rí lọ́jọ́sí ló lágbára jù, ẹlòmíì á ní irọ́ ni, èyí tó jáde lẹ́yìn ẹ̀ jù ú lọ fíìfíì. Bí àríyànjiyàn náà bá gbóná, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà: agbára ẹ̀ tó báyìí, eré ẹ̀ tó báyìí, owó ẹ̀ tó báyìí. Nọ́ńbà náà dára láti mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, tó ní ọmọ iṣẹ́ méjì mẹ́ta, tó sì ń wá bí òwò náà yóò ṣe dàgbà, ìbéèrè mìíràn wà tó yẹ kó bèèrè: ọwọ́ ta ni agbára yẹn ti wá? Nítorí pé ilé iṣẹ́ ńlá tí àmì rẹ̀ wà níwájú mọ́tò náà kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe é. Àwọn tó ṣe é, ìdí iṣẹ́ kékeré ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n sì ṣe ta ohun tí wọ́n ní fún ilé iṣẹ́ ńlá náà ló ní ẹ̀kọ́ nínú ju eré mọ́tò lọ.

Agbára ẹṣin ni àwọn ará Jámánì fi ń wọn ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n bá fi ìyẹn tò wọ́n, AMG ONE ló wà lókè pátápátá nínú gbogbo Bẹ́ńsì tí wọ́n tíì tà fún ẹni tó fẹ́ máa wà á lójú pópó. Agbára ẹṣin 1,063 ló ní, eré rẹ̀ sì lè dé 352 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹyọ 275 péré ni wọ́n ní àwọn máa ṣe, gbogbo ẹ̀ ló sì ti ní olówó kí wọ́n tó ṣe ẹyọ kan jáde. Owó ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ní mílíọ̀nù méjì yúrò, kí ìjọba tó bu owó orí ọjà lé e.

Èyí tó tẹ̀ lé e jìnnà sí i díẹ̀. GT 63 S E Performance onílẹ̀kùn mẹ́rin, tí wọ́n gbé jáde ní 2021, agbára ẹṣin 843 ló ní. SL 63 S E Performance ní 816. S 63 E Performance, èyí tí àwọn ọ̀gá ń jókòó sẹ́yìn ẹ̀, ní 802. Gbogbo àwọn wọ̀nyí, ẹ́ńjìnnì epo àti ẹ́ńjìnnì oníná ló jọ ń tì wọ́n. Nínú àwọn tí kò gba ìrànlọ́wọ́ iná kankan, GT Black Series ti 2020 ló léwájú, agbára ẹṣin 730 látinú ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ. SL 65 AMG Black Series ti 2008 ní tirẹ̀ ní 670, sílíńdà méjìlá ló sì fi ń ṣe é.

Ibì kan wà ní Jámánì tí wọ́n ń pè ní Nürburgring, ọ̀nà tí wọ́n là gba inú igbó fún eré mọ́tò, tí gígùn rẹ̀ lé ní 20 kìlómítà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń mọ ọkọ̀ tó jẹ́ ẹnu lásán ló ní. Ní 2020, Black Series yí i po ní ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú àáyá 48. Ní 2024, AMG ONE yí ibi kan náà po ní ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú àáyá 29. Ìṣẹ́jú àáyá 19 ló wà láàrin àwọn méjèèjì. Bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 335,000 yúrò ni wọ́n ń ta Black Series ní Jámánì, nígbà tí owó AMG ONE, tí owó orí ọjà bá ti wọ̀ ọ́, tó ìlọ́po mẹ́jọ ìyẹn. Ẹni tó bá mọ ìṣirò èrè á rí i pé ìṣẹ́jú àáyá 19 yẹn nìkan wọ́n ju Black Series méje lọ.

Kí ló dé tí wọ́n wá ń ṣe é? Ilé iṣẹ́ tó ń ta ọkọ̀ káàkiri ayé kò lè máa fi ẹyọ 275 jẹun. Ọkọ̀ tó lágbára jù ni wọ́n fi ń ta èyí tí kò lágbára. Ẹni tí kò lè ra AMG gan-an, á ra C-Class lásán, á sì san owó kún un kí wọ́n lè fi bọ́ńpà àti ríìmù tó jọ ti AMG sí i. AMG Line ni wọ́n ń pe ìyẹn. Àìmọye ọkọ̀ tòkunbọ̀ ló sì wà ní Èkó àti Ìbàdàn tí wọ́n lẹ lẹ́tà mẹ́ta náà mọ́ ẹ̀yìn wọn, tí kò sí ẹ́ńjìnnì AMG kankan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. (Ẹni tó ni ín mọ̀, mẹkáníìkì rẹ̀ náà sì mọ̀.) Orúkọ náà ló ń tà.

Orúkọ ènìyàn méjì àti ìlú kan sì ni. A ni Aufrecht, M ni Melcher, G ni Großaspach, ìlú kékeré tí wọ́n bí Aufrecht sí. Hans Werner Aufrecht àti Erhard Melcher, òṣìṣẹ́ ni àwọn méjèèjì ní Daimler-Benz, wọ́n wà lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ́ńjìnnì 300 SE fún ìdíje. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà pa ìdíje tì, àwọn méjèèjì kò pa tiwọn tì. Bí wọ́n bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ilé Aufrecht ní Großaspach ni wọ́n ń gbà lọ, wọ́n á tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, wọ́n á sì tún un tò. Ní 1965, Manfred Schiek fi ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tún ṣe náà díje ní Jámánì, ó sì gba ipò kìíní nígbà mẹ́wàá. Aufrecht fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní òpin 1966. Ní 1967, òun àti Melcher kó irinṣẹ́ wọn sínú ilé àtijọ́ kan tí wọ́n ti ń lọ ọkà rí ní Burgstall, wọ́n sì forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀.

Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn náà, wọ́n gbé Bẹ́ńsì pupa kan lọ sí ìdíje Spa ní Bẹ́ljíọ̀mù, níbi tí wọ́n ti ń fi wákàtí mẹ́rìnlélógún sáré láìdúró. Ọkọ̀ àwọn ọ̀gá ni ọkọ̀ yẹn, 300 SEL, gbọ̀ọ̀rọ̀-gbọọrọ, ó sì wúwo. Láàrin àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n kọ́ fún eré, ńṣe ló dà bí erin láàrin ewúrẹ́. Bó ṣe jáde láti ilé iṣẹ́, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 6.3, agbára ẹṣin 250. Aufrecht àti Melcher gbẹ́ inú ẹ́ńjìnnì náà tóbi sí i títí ó fi di lítà 6.8, agbára rẹ̀ sì gòkè sí 428. Erin náà gba ipò kejì nínú gbogbo ọkọ̀ tó sáré, ó sì gba ipò kìíní nínú ìsọ̀rí tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ AMG ti di ohun tí àwọn olówó ń béèrè.

Ẹni tó bá wo ohun tí wọ́n ṣe dáadáa á rí i pé wọn kò dá mọ́tò tuntun kankan sílẹ̀. Ọjà ẹlòmíràn ni wọ́n mú, wọ́n sì mọ ibì kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ju ẹni tó ṣe é lọ. Wọ́n sì mú un ní dandan pé ẹnì kan ṣoṣo ni yóò máa to ẹ́ńjìnnì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Títí dòní, AMG ṣì máa ń lẹ àwo pẹlẹbẹ kan mọ́ orí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, tí ẹni tó tò ó á fọwọ́ síwèé sí i. Ìyẹn kò ná wọn lówó kan dà bí alárà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò rẹ̀ mọ orúkọ ẹni tí òun máa bú bó bá bàjẹ́.

Nígbà tó di 1986, wọ́n ki ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ bọ inú 300 E tí kò tóbi, eré rẹ̀ sì lé ní 300 kìlómítà ní wákàtí kan. Àwọn ará Amẹ́ríkà sọ ọ́ ní Hammer, ìyẹn òòlù. Ní àkókò yìí, ilé iṣẹ́ ńlá náà ti rí i pé ẹni tó ń fi ọjà òun ṣe orúkọ kò ṣeé fojú fò mọ́.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ àdéhùn ti wọlé. Ní 1990, Daimler-Benz àti AMG fọwọ́ síwèé láti jọ ṣiṣẹ́ pọ̀. Nínú àdéhùn yẹn, ibi tí wọ́n ti ń ta Bẹ́ńsì káàkiri ayé bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọjà AMG. Ọdún mẹ́tàlélógún ti kọjá kí Aufrecht tó gba irú àjọṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti ní oníbàárà tirẹ̀, ó ti ní orúkọ tirẹ̀. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n jọ ṣe, C 36 AMG, jáde ní 1993. Ní 1999 ni DaimlerChrysler tó ra ìpín tó ju ìdajì lọ, 51 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 2005 ni wọ́n ra èyí tó kù. Láti ìgbà àdéhùn àkọ́kọ́ dé ìgbà tó tà á tán, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko ni, díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì kíyè sí ni pé nígbà tí Aufrecht ń ta èyí tó pọ̀ jù, ó yọ apá tó ń rí sí ìdíje sọ́tọ̀, ó fi í sábẹ́ ilé iṣẹ́ mìíràn, ó sì fi lẹ́tà orúkọ tirẹ̀ pè é: HWA. Àgbẹ̀ tó ta iṣu kò ta èbù.

Ẹ́ńjìnnì AMG ONE kò tilẹ̀ wá láti Jámánì. Brixworth, ìlú kékeré kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti ṣe é. Láàrin àwọn ọdún 1980, Mario Illien tó jẹ́ ọmọ Switzerland àti Paul Morgan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n fi gígé orúkọ àwọn méjèèjì dá Ilmor sílẹ̀, Roger Penske ti Amẹ́ríkà sì wà lára àwọn tó kówó sí i. Ní 1993, ilé iṣẹ́ Bẹ́ńsì ra ìpín kan níbẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ará Ilmor ka òfin ìdíje Indianapolis dáadáa, wọ́n rí àyè kan níbẹ̀ tí ẹlòmíràn kò lò, wọ́n sì fi oṣù díẹ̀ ṣe ẹ́ńjìnnì kan níkọ̀kọ̀ tí agbára rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún ẹṣin. Al Unser Jr. fi gba ipò kìíní, àmì Bẹ́ńsì sì wà lára ẹ́ńjìnnì náà. Àwọn tó ń ṣe ètò ìdíje náà tètè yí òfin wọn padà. Paul Morgan kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní 2001. Nígbà tí DaimlerChrysler ra gbogbo ilé iṣẹ́ náà ní 2005, Illien àti Penske mú apá kékeré kan jáde, wọ́n sì mú orúkọ Ilmor lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì Formula 1 tí Bẹ́ńsì fi gba ife-ẹ̀yẹ ilé iṣẹ́ tó dára jù ní ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ léra, láti 2014 sí 2021, ti wá. Òun náà, lítà 1.6 péré, ni wọ́n ní àwọn fẹ́ gbé sínú mọ́tò aráàlú. Wọ́n fi AMG ONE han ayé ní 2017, ṣùgbọ́n ó di 2022 kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ẹ́ńjìnnì eré ìje kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró jẹ́ẹ́ nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Bí 5,000 ìgbà ló ń yí ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí kò tíì lọ síbì kankan, wọ́n sì ní láti bẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ sí nǹkan bí 1,200 kí èéfín rẹ̀ tó lè bá òfin mu. Ilé iṣẹ́ náà fúnra ẹ̀ ti sọ tẹ́lẹ̀ pé bó bá rin nǹkan bí 50,000 kìlómítà, ó di dandan kí wọ́n tú u palẹ̀, kí wọ́n tún un ṣe. Ola Källenius, ọ̀gá àgbà wọn, fi ṣe àwàdà pé ó ní láti jẹ́ pé ọtí ti ń pa àwọn lọ́jọ́ tí àwọn fọwọ́ sí iṣẹ́ náà.

Ẹ̀kẹta ló kéré jù lọ́jọ́ orí. Tim Woolmer jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Oxford nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ́ńjìnnì oníná kan tó rí pẹlẹbẹ bí àwo, tí kò wúwo, tó sì lágbára. Ní 2009 ni wọ́n sọ ọ́ di ilé iṣẹ́ YASA. Ferrari ra ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ wọn fún SF90 Stradale ti 2019, kí Bẹ́ńsì tó wá ra gbogbo ilé iṣẹ́ náà ní 2021. Ní oṣù kẹfà 2025, AMG gbé ọkọ̀ àpẹẹrẹ kan jáde, GT XX, tí mẹ́ta nínú ẹ́ńjìnnì YASA wà nínú rẹ̀. Agbára ẹṣin rẹ̀ lé ní 1,360, èyí tó ju ti AMG ONE lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n gbé e lọ sí Nardò ní Ítálì, wọ́n sì fi sáré 40,075 kìlómítà, bí ẹni tó yí ayé po, láàrin ọjọ́ tí kò pé mẹ́jọ.

Kò túmọ̀ sí pé bí ilé iṣẹ́ ńlá bá ti ra ọgbọ́n tán, ó mọ bó ṣe ń lò ó. Ọ̀rọ̀ C 63 fi ìyẹn hàn. Èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2014, irú rẹ̀ tó lágbára jù ní 510, láti inú ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ. Ní 2022, wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì náà kúrò, wọ́n fi onísílíńdà mẹ́rin rọ́pò rẹ̀, wọ́n fi ẹ́ńjìnnì oníná àti bátìrì kún un. Agbára rẹ̀ di 680, eré rẹ̀ sì yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lórí ìwé, kò sí ibi tí èyí àtijọ́ ti lè bá a dúró. Ṣùgbọ́n ó wúwo ju tọ́ọ̀nù méjì lọ, ohùn tí ń mú orí àwọn ènìyàn wú kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn tó fẹ́ràn C 63 pariwo, àwọn ìwé ìròyìn mọ́tò sì bá wọn pariwo. Àṣìṣe gidi nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ojú oníbàárà ti là jù. Olóúnjẹ kan tí àwọn ènìyàn ń torí ọbẹ̀ rẹ̀ rìn wá láti ọ̀nà jíjìn, tó wá ra àga tuntun, tó fi ẹ̀rọ amúlétutù sí ṣọ́ọ̀bù, tó sì lé ẹni tó ń se ọbẹ̀ náà lọ, ohun tó ṣe kò yàtọ̀ sí èyí.

Àwọn kan á sọ pé Jámánì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, níbi tí iná wà, tí báńkì ń yáni lówó, tí yunifásítì ń ṣí ilé iṣẹ́. Òótọ́ ni, kò sì sí ẹni tó yẹ kó fojú kékeré wo ìyàtọ̀ náà. Síbẹ̀, nínú ilé tí wọ́n ti ń lọ ọkà ní Burgstall, ìmọ̀ ohun kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ wà. Ní Ládípọ̀ ní Mushin, àwọn mẹkáníìkì wà tó jẹ́ pé Bẹ́ńsì nìkan ni wọ́n ń fọwọ́ kàn, tí wọ́n mọ jíà rẹ̀ bí ẹní mowó. Ohun tó sábà máa ń wọ́n níbẹ̀ ni ìwé. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún oníbàárà kò sí lákọsílẹ̀, rìsíìtì kò sí, orúkọ tó wà lára pátákó kò tíì dé ọ̀dọ̀ àjọ CAC. Bí ọ̀gá náà bá kú, tàbí tó bá fẹ́ kí ẹlòmíràn kówó sí i, kò sí ohun tí ẹni náà máa rí rà ju irinṣẹ́ àti ilẹ̀ tí wọ́n háyà. Ká ní Aufrecht kò forúkọ lẹ́tà mẹ́ta yẹn sílẹ̀ ni, ohun tí Daimler-Benz ì bá ṣe kò le rárá: wọn ì bá gba òun àti Melcher padà síbi iṣẹ́, kí wọ́n sì máa san owó oṣù fún wọn.

HWA tí Aufrecht yà sọ́tọ̀ wà ní Affalterbach, ìlú kan náà tí AMG wà. Ní 2023, wọ́n kéde pé àwọn máa mú Bẹ́ńsì 190 E àtijọ́, àwọn á tú u, àwọn á sì tún un kọ́ lákọ̀tun, ẹyọ ọgọ́rùn-ún péré. Agbára ẹṣin 450 ni wọ́n fi sí i, 500 fún ẹni tó bá sanwó kún un, èyí tí kò tó ìdajì ti AMG ONE. Iye tí wọ́n dá lé ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti 714,000 yúrò.